Àgọ́ Káńfáàsì Àtijọ́: Bí A Ṣe Lè Tún Un Ṣe Kí Òjò Má Baà Wọ̀ Ọ́



Ní ọ̀pọ̀ ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun kan sábà máa ń wà ní igun yàrá ẹrù, lẹ́yìn àwọn àga tí ẹsẹ̀ wọn ti kán àti ìlù tí awọ rẹ̀ ti bẹ́. Àgọ́ káńfáàsì àtijọ́ ni. Abẹ́ rẹ̀ ni a ti ń ṣe ìsọjí ní ìta gbangba kí a tó rí owó kọ́ ilé ìsìn. Abẹ́ rẹ̀ ni a sì ti ń gba àlejò ní ọjọ́ ìkórè àti ní ọjọ́ ìsìnkú àwọn àgbà. Nígbà tí tapólì oníke àti kánópì onírin dé, a ká àgọ́ náà, a dì í ní okùn, a sì gbàgbé rẹ̀.

Irú rẹ̀ kan wà ní ìjọ tiwa. Owó tí àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ dá ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn ni a fi rà á, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyí ni ó sì ti sùn nínú Olúwa. Ní oṣù Ẹrẹ̀nà ọdún kan ni a tú u jáde, nítorí ìjọ kékeré tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn sí ìletò kò ní ibi tí wọn yóò fi orí pamọ́ sí nígbà òjò. Bí a ti tú u ni òórùn rẹ̀ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn. Ààmì dúdú wẹ́wẹ́ ti bo òrùlé rẹ̀, eku ti jẹ igun kan, òrùka mẹ́ta sì ti já kúrò létí rẹ̀. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí a sun ún. Ṣùgbọ́n bàbá kan wà láàárín wa tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ rírán ìjókòó ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di etí aṣọ náà mú, ó fà á, ó sì wí pé: "Ẹ̀yin ará, ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ná."

Ohun tí a kọ́ lọ́dọ̀ bàbá yìí, àti èyí tí a kọ́ nínú ìwádìí lẹ́yìn náà, ni a fẹ́ là yé yín lónìí. Ìdí rẹ̀ ni pé ìjọ púpọ̀ ń sun ohun tí wọn ì bá tún ṣe. Àwọn mìíràn sì ń tún un ṣe ní ọ̀nà tí ó léwu fún ẹ̀mí àwọn tí yóò jókòó lábẹ́ rẹ̀.

BÍ ÀGỌ́ KÁŃFÁÀSÌ ṢE Ń LÉ OMI

Òwú ni a fi ń hun káńfáàsì. Bí a bá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, a ó rí i pé àlàfo wínníwínní wà láàárín fọ́nrán kan àti èkejì. Àlàfo wọ̀nyí ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, ìdí nìyí tí ara fi máa ń tu ènìyàn lábẹ́ rẹ̀ ju abẹ́ tapólì oníke lọ. Nígbà tí òjò bá kàn án, òwú náà a mu omi, a sì wú. Wíwú rẹ̀ ni yóò dí àwọn àlàfo náà. Nítorí èyí ni àgọ́ tuntun fi lè jò díẹ̀ ní òjò àkọ́kọ́, tí kò sì ní jò mọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti rẹ, tí ó sì ti gbẹ, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Àwọn darandaran aṣálẹ̀ ilẹ̀ Arébíà ń fi irun ewúrẹ́ hun àgọ́ dúdú wọn, irun náà a sì wú bí òjò bá rọ̀. Ẹ ó rántí pé Ẹ́kísódù orí 26 sọ̀rọ̀ nípa aṣọ títa 11 tí a fi irun ewúrẹ́ ṣe láti bo àgọ́ ìsìn àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, tí a sì tún fi awọ bò ó lókè. Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 18 sì fi yé wa pé iṣẹ́ àgọ́ ṣíṣe ni Pọ́ọ̀lù, Ákúílà àti Pírísílà jọ ń ṣe ní Kọ́ríńtì. Kò sí ìtìjú nínú kí òjíṣẹ́ Ọlọ́run mọ abẹ́rẹ́ àti òwú.

Ṣùgbọ́n wíwú òwú nìkan kò tó. Àwọn tí ń ṣe àgọ́ tún máa ń fi oògùn tí ń lé omi sínú aṣọ náà, kí ẹ̀kán òjò lè máa yí dànù lórí rẹ̀ bí ó ti ń yí lórí ewé kókò. Oòrùn, eruku àti ọṣẹ a máa ṣí oògùn yìí kúrò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó bá tán ni àgọ́ tí kò ya yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

OHUN TÍ Ń PA ÀGỌ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òjò ni ó ń ba àgọ́ jẹ́. Ohun tí ó ń bà á jẹ́ ju òjò lọ ni kí a ká a nígbà tí omi ṣì wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn ìsọjí, ó ti rẹ gbogbo ènìyàn, ọkọ̀ ń dúró, ilẹ̀ ti ṣú. A a sì rọ́ àgọ́ tútù sínú àpò. Nínú ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa, ọjọ́ méjì péré ti tó kí ohun tí Bíbélì Yorùbá pè ní ìmúwòdù bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára rẹ̀. Ẹbí olú ni ìmúwòdù, ohun ẹlẹ́mìí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òwú àti ìdọ̀tí ara rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Ààmì dúdú tí a ń rí kì í ṣe àbàwọ́n lásán nígbà náà: a ń jẹ aṣọ náà ni.

Ọ̀tá kejì ni oòrùn. Ìtànṣán rẹ̀ a máa sọ fọ́nrán òwú àti ti ìránṣọ di aláìlágbára, pàápàá ní òkè òrùlé. Ọ̀tá kẹta ni irin tí ó dípẹtà. Níbi tí òrùka irin tàbí ìṣó bá ti dípẹtà mọ́ aṣọ lára, ìpẹtà náà yóò jẹ òwú títí yóò fi lu.

ÀYẸ̀WÒ: ǸJẸ́ Ó ṢÌ ṢEÉ GBÀ LÀ?

Ó yani lẹ́nu bí òfin inú Léfítíkù orí 13 nípa aṣọ tí àrùn mú ti bá iṣẹ́ yìí mu tó. Àlùfáà kì í dá aṣọ lẹ́bi lójú ẹsẹ̀. A kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, a yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 7, a tún un wò, a fọ̀ ọ́. Bí àbàwọ́n bá ṣá lẹ́yìn fífọ̀, a ya ibẹ̀ kúrò lára aṣọ. Bí ó bá tún yọ, a sun ún. Bí ó bá lọ pátápátá, a tún un fọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìlànà tí àwọn tí ń tún àgọ́ ṣe ń tẹ̀lé lónìí kò jìnnà sí èyí.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ mọ irú aṣọ tí ó jẹ́. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ ní ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi iná ràn án ní ìta gbangba. Bí òwú bá ni, yóò jó bí ìwé, eérú rẹ̀ yóò sì kúnná. Bí oníke bá ni, yóò yọ́, yóò sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀ líle. Bí ó bá ṣe méjèèjì, àdàlù ni. Ọ̀rọ̀ wa yìí wà fún àgọ́ òwú àti ti àdàlù. Tapólì oníke kò gba ìtọ́jú yìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán agbára rẹ̀ wò. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì di aṣọ náà mú kí wọ́n súnmọ́ ara wọn, kí ẹ sì fà á sí ọ̀tún àti sí òsì. Ẹ ṣe é ní góńgó òrùlé, ní àárín, àti ní etí ìsàlẹ̀. Aṣọ tí ó lè gbà là yóò na díẹ̀, yóò sì dúró. Èyí tí ó bá ya bí ìwé ti jẹrà. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa níbi yìí: kò sí oògùn kan tí ń lé omi tí ó lè dá agbára padà sínú òwú tí ó ti jẹrà. Bí ìdajì òrùlé bá ti rí bẹ́ẹ̀, kí a má ṣe fi owó ìjọ ṣòfò. Ẹ gé ibi tí ó ṣì dára pamọ́ fún àbùlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyókù lọ.

Ní ìgbẹ̀yìn, ẹ ta á, kí ẹnì kan sì wọ abẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ bí ìràwọ̀, kí a fi ẹfun sàmì sí i. Ẹ wo àwọn okùn, àwọn òrùka, àwọn ọ̀pá àti àwọn èèkàn pẹ̀lú. Ní tiwa, ògiri kan ya bí ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n òrùlé àti ògiri mẹ́ta yòókù dúró.

FÍFỌ̀ LÁÌBÀ Á JẸ́

Ìgbà ẹ̀rùn ni ó yẹ kí a ṣe iṣẹ́ yìí, nígbà tí oòrùn wà tí ọyẹ́ sì lè gbẹ aṣọ. Ẹ ta àgọ́ náà, tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ sí orí sìmẹ́ǹtì tí ó mọ́. Kí a tó bu omi sí i, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀ gbá eruku àti ìmúwòdù gbígbẹ kúrò. Kí àwọn tí ń ṣe é fi aṣọ bo imú àti ẹnu, nítorí eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá fún ẹni tí ó ní ikọ́ fée.

Omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni ẹ óò fi fọ ìyókù. Ẹ má ṣe lo ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun. Iṣẹ́ ọṣẹ ni láti jẹ́ kí omi wọ aṣọ. Bí ó bá ṣẹ́ kù sínú òwú, yóò máa pe òjò wọlé dípò kí ó lé e. Ẹ má sì ṣe lo ẹ̀rọ tí ń fi agbára tú omi jáde, irú èyí tí a fi ń fọ ọkọ̀, nítorí yóò tú fọ́nrán òwú ká, yóò sì ṣí oògùn tí ó kù lára rẹ̀ dànù.

Fún ibi tí ìmúwòdù wà, ẹ po ọtí kíkan funfun tí wọ́n ń pè ní fínígà, ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n omi mẹ́rin. Ẹ fi pa ibẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rọra fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi omi púpọ̀ ṣan án. Ó lè jẹ́ pé dúdú rẹ̀ kò ní lọ tán. Kí èyí má ṣe dà yín láàmú: ohun tí a ń wá ni pé kí ìdàgbàsókè rẹ̀ dúró, kí òórùn rẹ̀ sì lọ.

Ọ̀pọ̀ yóò fẹ́ da bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun sí i kí ó lè mọ́ kíákíá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bílíìṣì a máa jẹ òwú àti ìránṣọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí bílíìṣì bá pàdé fínígà, èéfín olóró tí ń jẹ́ kílórínì yóò jáde, ó sì lè pa ènìyàn. Àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ wà nínú korobá kan náà láé.

Lẹ́yìn fífọ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan àárín aṣọ nìkan. Ẹ fọwọ́ kan ojú ìrán àti ìṣẹ́po etí, níbi tí aṣọ ti di ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí ibẹ̀ ni ó ń gbẹ kẹ́yìn. Ẹ dúró fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì tún gbóòórùn rẹ̀. Bí òórùn náà bá padà, ẹ tún un fọ̀.

ÀBÙLẸ̀ ÀTI OJÚ ÌRÁN

Gbogbo wa ni a mọ òwe Olúwa wa nípa àbùlẹ̀ aṣọ tuntun lára ẹ̀wù ògbólógbòó, nínú Mátíù orí 9. Ẹni tí ń rán káńfáàsì mọ̀ pé òtítọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni ó wà nídìí òwe náà. Aṣọ òwú tuntun a máa sún kì nígbà tí omi bá kọ́kọ́ kàn án. Bí a bá rán an mọ́ èyí tí ó ti sún kì tán láti ọdún pípẹ́, òjò àkọ́kọ́ yóò mú kí àbùlẹ̀ fa ara rẹ̀ jọ, yóò sì fa ojú ihò ya sí i. Nítorí náà, ẹ rẹ aṣọ àbùlẹ̀ sínú omi gbígbóná, ẹ sá a gbẹ, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tó gé e. Èyí tí ó tún dára jù ni kí ẹ gé àbùlẹ̀ lára àgọ́ náà fúnra rẹ̀. Ògiri wa tí ó ti kú ni a gé. Etí rẹ̀ níbi tí oòrùn kò dé ṣì lágbára, ibẹ̀ ni a sì ti rí àbùlẹ̀ fún òrùlé.

Ẹ gé gbogbo ibi tí ó jẹrà yíká ihò náà kúrò títí ẹ ó fi dé aṣọ tí ó lágbára. Kí àbùlẹ̀ ju ihò lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 ní ìhà gbogbo, kí igun rẹ̀ sì rí róbótó, nítorí igun ṣóńṣó ni ó ń kọ́kọ́ ṣí. Ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú, ẹ rán an mọ́ òde àgọ́, lẹ́yìn náà ẹ wọ inú, kí ẹ ṣẹ́ etí ihò náà, kí ẹ sì tún rán an. Báyìí ni ìlà ìrán yóò ṣe di méjì, tí etí aṣọ kankan kò sì ní wà ní gbangba fún omi.

Ẹ̀rọ ìránṣọ inú ilé kì í sábà lágbára tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ lọ bá àwọn tí ń rán ìjókòó ọkọ̀ tàbí tapólì ọkọ̀ akẹ́rù. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 18 bójú mu. Òwú ìránṣọ tí àárín rẹ̀ jẹ́ pọliẹ́sítà, tí a sì fi òwú gidi wé, ni ó dára jù, nítorí àárín rẹ̀ lágbára, òwú ẹ̀yìn rẹ̀ a sì wú láti dí ojú abẹ́rẹ́. Bí kò bá sí, ẹ fi ìda oyin pa òwú ìránṣọ líle. Ẹ má jẹ́ kí ojú ìrán fún jù, kí ó má baà lu aṣọ bí etí sítáǹbù ìwé ìfiránṣẹ́. Nígbà tí rírán bá parí, ẹ fi ìda oyin ha ojú ìrán gbogbo láti òde. Òrùka idẹ ni kí ẹ fi rọ́pò èyí tí ó ti dípẹtà.

OÒGÙN TÍ Ń LÉ OMI

Nígbà tí àgọ́ bá ti mọ́, tí ó gbẹ, tí ó sì ti gba àbùlẹ̀, nígbà náà ni oògùn kàn. Ẹni tí ó bá kun ún sórí ìdọ̀tí ti ti ilẹ̀kùn mọ́ olè sínú ilé.

Ọ̀nà kìíní ni oògùn àgọ́ tí a ń tà nínú agolo, èyí tí a fi sílíkóònù àti omi pò. Ẹ ka ara agolo náà: kí ó wà fún káńfáàsì òwú, kí ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá, kí ó má sì jẹ́ irú èyí tí ń gbiná. Ẹ ta àgọ́ náà kí ó le dáadáa, ní òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn kò mú. Ẹ kun òde rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì tún un kun. Ìkunsí fẹ́lẹ́ méjì dára ju ẹyọ kan tí ó nípọn lọ.

Ọ̀nà kejì ti wà kí àwọn bàbá wa tó bí wa: ọṣẹ àti álọ́ọ̀mù, èyí tí a fi ń mú omi kànga tòrò. Ẹ lè béèrè pé, ǹjẹ́ a kò ha ti kọ ọṣẹ sílẹ̀? Ọṣẹ nìkan ni a kọ̀. Álọ́ọ̀mù ní alumíníọ́mù nínú. Nígbà tí ó bá pàdé ọṣẹ lára òwú, àwọn méjèèjì yóò di ohun kan tí ó dà bí ìda, tí omi kò lè yọ́ mọ́. Ọṣẹ gidi tí a fi òróró sè ni kí ẹ lò. Ọṣẹ dúdú wa jẹ́ ọṣẹ gidi, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ lè ran aṣọ.

Ẹ rẹ́ ọṣẹ gíráàmù 500 sínú omi gbígbóná lítà 8. Omi òjò ni ó dára jù, nítorí omi kànga mìíràn kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun ún wọ inú aṣọ dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ po álọ́ọ̀mù gíráàmù 250 sínú omi gbígbóná lítà 8 mìíràn, kí ẹ sì kun ún lé e. Nígbà tí ó bá gbẹ, ẹ fi omi fẹ́ẹ́rẹ́ ṣan án, nítorí àṣẹ́kù álọ́ọ̀mù kíkan lè sọ òwú di aláìlágbára bí ó bá pẹ́. Kí ẹ tó kun àgọ́ odindi, ẹ dán an wò lára àbùlẹ̀ kan. Oògùn yìí kò náni lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n òjò àti oòrùn yóò ṣí i kúrò, ó sì yẹ kí a tún un ṣe lẹ́yìn ìgbà òjò kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wọ́n omi sí i láti mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́. Bí omi bá kó ara rẹ̀ jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó sì yí dànù, ó ti jẹ. Bí ó bá tàn ká tí aṣọ sì ṣókùnkùn, ibẹ̀ ń fẹ́ ìkunsí kan sí i.

ÌKÌLỌ̀ NÍPA ÌDA ÀTI EPO

Nígbà tí a ń ṣe tiwa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá àbá pé kí a yọ́ ìda àbẹ́là, kí a fi kẹrosíìnì là á, kí a sì fi kun òrùlé. Ó ní, "Bàbá, omi kò ní lè wọ̀ ọ́ láé." Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n bàbá aránṣọ náà mi orí. Ó ní, "Ọmọ mi, omi kò ní wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n iná yóò wọ̀ ọ́."

Ìtàn ti jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, ọdún 1944, ní ìlú Hartford ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi 7,000 ènìyàn jókòó lábẹ́ àgọ́ ńlá ilé-iṣẹ́ Ringling Bros. and Barnum & Bailey, láti wo ìran àwọn ẹranko àti àwọn apidán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìyá àti ọmọdé. Ìda páráfínì tí a fi epo pẹtiróòlù là ni wọ́n fi kun káńfáàsì àgọ́ náà kí òjò má baà wọ̀ ọ́. Iná ṣẹ́ yọ lára ògiri, ó gun òrùlé, ìda tí ń jó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán lé àwọn ènìyàn lórí. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àgọ́ náà ti wó. Àwọn ojú ọ̀nà kan dí, nítorí ọ̀nà onírin tí a ń da àwọn ẹranko gbà ti dínà wọn. Ó kéré tán, ènìyàn 167 ni ó kú, àwọn tí ó farapa sì ju 700 lọ.

Ẹ̀yin alàgbà àti ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, ẹ ro ibi tí àgọ́ tiwa máa ń wà. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, wáyà iná wà lára ọ̀pá rẹ̀, àwọn ìyá ń dáná ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọdé sì wà ní iwájú pátápátá. Nítorí náà, ìda wà fún ojú ìrán nìkan, ìwọ̀nba. Ẹ má ṣe fi kẹrosíìnì, pẹtiróòlù, ọ̀dà olóròóró tàbí òróró kankan kun òrùlé. Ẹ má sì rò pé oògùn tí ń lé omi ń lé iná. Òwú lásán pàápàá ń jó. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ àti ààrò jìnnà, ẹ so wáyà kúrò lára aṣọ, ẹ ní korobá omi àti iyanrìn nítòsí, kí ẹ sì fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí ó ju ọ̀kan lọ, láìjẹ́ kí àga dí i.

ÌTỌ́JÚ LẸ́YÌN ÀTÚNṢE

Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́, orí tàbí àga kan òrùlé láti inú, nítorí ibi tí a bá fi kàn ni omi yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Bí okùn yín bá jẹ́ ti òwú tàbí ti ọ̀gbọ̀, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí òjò tó dé. Okùn bẹ́ẹ̀ a máa sún kì nínú omi, ó sì lè fa èèkàn tu tàbí kí ó ya etí àgọ́. Bí omi bá kó jọ sí ojú kan lórí òrùlé, ẹ tètè gbé ọ̀pá ibẹ̀ sókè kí ó ṣàn dànù, nítorí ẹrù omi ń fa aṣọ ya.

Bí ẹ bá ní láti ká a nígbà tí ó tutù, ẹ tún un ta tàbí kí ẹ fi kọ́ ní ọjọ́ kejì, kí ó tó pé wákàtí 24. Ẹ yan ènìyàn kan pàtó tí iṣẹ́ yìí yóò máa jẹ́ tirẹ̀, nítorí iṣẹ́ gbogbo ènìyàn ni ẹnikẹ́ni kì í ṣe. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpò aṣọ, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ gbé e sí orí pákó, kí ó má kan ilẹ̀ àti ògiri, kí ọ̀rinrin àti ikán má baà dé ibẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan, ẹ tú u, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Àgọ́ tiwa lọ sí ìletò náà kí oṣù Igbe tó parí, pẹ̀lú ògiri mẹ́ta àti àbùlẹ̀ tí ó fara hàn gbangba. Ìhà kẹrin ni a fi sílẹ̀ ní ṣíṣí, ibẹ̀ sì di ojú ọ̀nà tí ó gbòòrò jù. Ní òjò ńlá àkọ́kọ́, ibì kan jò, ní ojú ìrán tí a gbàgbé láti fi ìda pa. A pa á lọ́jọ́ kejì. Dúdú òrùlé rẹ̀ kò lọ tán, kò sì sí ẹni tí yóò rí i tí yóò pè é ní tuntun. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan tí ó wà nínú àwọn tí ó dáwó rẹ̀ wá sí ìsìn náà, ó gbé ojú sókè wo àwọn àbùlẹ̀ náà, ó sì ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ kò jù ú nù."

Kí a tó sun èyí tí ó wà nínú yàrá ẹrù tiyín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́, kí ẹ tú u sí oòrùn, kí ẹ sì fà á wò. Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti tọ́jú ohun tí àwọn tí ó ṣáájú wa fi sí wa lọ́wọ́. Àmín.